Ẹ̀jẹ̀ Tí Ọmọ́yẹni Gbà ní Ọ̀tùn

Ẹni tó bá fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ ènìyàn ní Ọ̀tùn-Èkìtì lọ́dún 2001, kó kọ́kọ́ jẹun yó, kó sì múra èébú sílẹ̀. Ọmọ́yẹni ò mọ̀. Ó gbé kúlà rẹ̀ tó kún fún yìnyín sọ̀kalẹ̀ láti inú Peugeot àtijọ́ kan tó gbé e wá láti Ìbàdàn, ó wọ aṣọ funfun lé èyí tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó rò pé bí wọ́n ṣe ń kí dókítà nílé ìwòsàn ni wọn yóò ṣe kí òun. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́, obìnrin kan ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé, ó ti ilẹ̀kùn gbà, ó wá ń yọjú lójú fèrèsé, ó ń béèrè ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ ṣe ní Ìbàdàn tí tàwọn ará ibẹ̀ ò fi tó wọn.

Ká má tan ara wa, obìnrin náà ò gọ̀. Ẹni tí kì í wo aláìsàn, tí kì í fúnni lóògùn, tó kàn ń gba ẹ̀jẹ̀ tó sì ń gbé e lọ, ta ni kò ní fura sí i? Bó bá jẹ́ Ọmọ́yẹni ló wà nídìí fèrèsé, òun náà ìbá ti ilẹ̀kùn. Ìfura ni iṣẹ́ tirẹ̀.

Ìkọ̀lé ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé ti kú tipẹ́. Ìyá rẹ̀, Màmá Beatrice, ọmọ Ìrèlé, ni alága Ẹgbẹ́ Ìyá ní ìjọ Áńgílíkà wọn, Ọmọ́yẹni nìkan ṣoṣo ni wọ́n sì bí tó yè. Ó kàwé ní Ìbàdàn, ó tún lọ kà á kún un nílùú òyìnbó, ó padà dé ní 1997 pẹ̀lú oyè ọ̀mọ̀wé. Nígbà tí àwọn ará ìjọ béèrè irú dókítà tó jẹ́, Màmá Beatrice fi ìgbéraga dáhùn pé ọmọ àwọn máa ń rí ohun tí ojú lásán ò lè rí. Láti ọjọ́ náà, wọn ò béèrè mọ́. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi ọ̀nà jìn ín nígbà tó bá wá sílé lọ́dún Kérésì.

Ohun tí ojú lásán ò rí yẹn lórúkọ. Maitokọ́ńdíríà ni wọ́n ń pè é. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ fi lè jókòó sórí ìka kan láìfún ara wọn, òun sì ni jẹnẹrétọ̀ inú ara: òun ló ń sọ oúnjẹ di agbára. Bí ti ẹsẹ̀ bá kú, ẹsẹ̀ á wọ́; bí ti ojú bá kú, ojú á fọ́. Ohun tó wú Ọmọ́yẹni lórí jù nípa rẹ̀ ni pé ọwọ́ ìyá nìkan lọmọ ti ń gbà á. Bàbá ní tirẹ̀ o, àmọ́ kò lè fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ọdún mẹ́rin ló ti fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀kọ́ yìí nínú yàrá ìwádìí kan tí iná NEPA kì í fi wákàtí mẹ́ta gbáko tàn níbẹ̀.

Iṣẹ́ náà ti sọ ọ́ di oníyèméjì paraku. Tí èsì kan bá dára jù, á ní ìgò ló dọ̀tí. Tí kò bá dára, á ní oògùn ló ti bàjẹ́ nínú fíríìjì. Dúpẹ́, obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ nínú yàrá náà, máa ń sọ pé bí Ọ̀gá òun bá dé ọ̀run, wọ́n á kọ́kọ́ ní kí wọ́n tún ìwé ìdájọ́ náà yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta.

Lẹ́tà dókítà kan tó ń tọ́jú ojú ní Ìdó ló gbé Ọmọ́yẹni dé Ọ̀tùn. Dókítà náà kọ ọ́ pé ọmọ ìyá méjì kan wà níbẹ̀. Wọlé, ẹ̀gbọ́n, pé ọmọ ọdún méjìlélógún nígbà tí ojú rẹ̀ kan ṣú láàárín. Kò dùn ún, kò pọ́n, ṣùgbọ́n kí oṣù méjì tó pé, ìkejì ti tẹ̀ lé e. Lọ́dún kẹta, Bùkúnmi àbúrò rẹ̀ náà sọ fún ìyá wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan pé òun ń rí etí rẹ̀ àmọ́ òun ò rí ojú rẹ̀. Ọmọ́yẹni ka lẹ́tà náà tán, ọkàn rẹ̀ ti sọ fún un pé maitokọ́ńdíríà ni. Ṣùgbọ́n kì í gba ọkàn rẹ̀ gbọ́, nítorí náà ó gbé kúlà.

Ilé Adéṣọlá ni wọ́n ń pe ilé náà. Bàbá Adéṣọlá, olórí ilé, jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá àwọn ọmọ náà tó ti dolóògbé. Wọ́n fún Ọmọ́yẹni níjòókòó, wọn ò fún un lómi, wọn ò sì fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

"Dókítà, ọmọ ọkùnrin méjì ló ti fọ́jú nínú ulé yìí. Àwọn ọmọ àwọn ùyàwó yòókù ń ríran. Àwọn ọmọ àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń ríran. Ti obìnrin kan ṣoṣo ló ń fọ́. Kí la fẹ́ pè é?"

"Bàbá, àìsàn pọ̀ tí a ò tíì mọ̀."

"Ó dáa. A ó ṣèpàdé ulé lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú ìkórè. Bí ìwé rẹ bá ní àìsàn ni, a ó gbọ́. Bó bá ní ọwọ́ ìyá wọn ni nǹkan náà ti wá, kó kó ẹrù rẹ̀ kó máa lọ. Kò sí ìjà."

Ọmọ́yẹni mọ ohun tó ṣeé ṣe kí ìwé náà sọ.

Ìyá àwọn ọmọ náà ni Àdùkẹ́, Ìyá Wọlé lẹ́nu gbogbo ayé. Gààrí ni wọ́n ń dín lẹ́yìnkùlé, ìyẹ̀fun funfun wà ní ìpéǹpéjú wọn. Gbogbo ilé ló ti ṣe àgídí kí ẹnìkan ṣoṣo, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Wọlé, tó gbà pé kí wọ́n gún òun. Ìyá Wọlé kàn nawọ́ ni. Ọmọ́yẹni wo ọwọ́ náà, ó wo ojú ẹni tó ni ín. Ẹni tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn, tí kò béèrè ohun tí àlejò fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ òun ṣe, ara fu ú sí i.

"Ìyá, ẹ ò bi mí ní nǹkankan?"

"Mo mọ ọmọ ẹni tí o jẹ́," Ìyá Wọlé dáhùn, wọ́n sì yíjú sí àgbada gààrí wọn.

Ọmọ́yẹni rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, nítorí kò sí àgbàlagbà Èkìtì kan tí kò ní sọ fún ọ pé òun mọ ọmọ ẹni tí o jẹ́. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó béèrè ilé tí wọ́n ti wá. Ìyá Wọlé dárúkọ ilé bàbá wọn ní Ìyè. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kọ ilé bàbá gbogbo ẹni tó gún, ó fa ìlà láti bàbá sí ọmọ, ìwé náà mọ́ féfé, ó sì gbéra lọ sí Ìbàdàn.

Àyẹ̀wò náà kò le. Omi oògùn kan wà tó ń gé DNA, ìwé àjogúnbá inú ara, bí àlùmọ́gàjí ṣe ń gé aṣọ. Bí maitokọ́ńdíríà bá pé, á gé e sí méjì. Bí àléébù tó ń fọ́ ojú bá wà níbẹ̀, kò ní rí ojú ibi tí yóò gé, á fi í sílẹ̀ ní odidi. Àwọn oníṣẹ́ yìí sì ní àṣà kan, pé wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti aláìsàn, kí wọ́n lè mọ̀ pé àlùmọ́gàjí náà mú. Ta ló sún mọ́ tòsí tí ara rẹ̀ dá? Ọmọ́yẹni gún ara rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tan iná aláwọ̀ àlùkò sí i, ti Wọlé jẹ́ odidi. Ti Bùkúnmi, odidi. Ti ìyá wọn, odidi. Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wọn pín sí méjì, gẹ́gẹ́ bó ti yẹ. Ti Ọmọ́yẹni jẹ́ odidi.

"Dúpẹ́, o ti da ìgò pọ̀."

"Èmi, mà?"

"Ta ló tún wà níbí? Ẹ̀jẹ̀ Ìyá Wọlé lo rọ sínú tèmi. Ìgbà mélòó ni mo ti kìlọ̀ fún ọ?"

Dúpẹ́ ò sunkún, kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó ká apá aṣọ, ó fa abẹ́rẹ́ yọ, ó gba ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ níwájú ọ̀gá rẹ̀. "Ẹ fi tèmi sí i. Ẹ gba tiyín lọ́tun. Kí ẹ dá a ṣe, n kò ní fọwọ́ kan nǹkankan." Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka ìwé ìròyìn.

Ọmọ́yẹni dá a ṣe. Ti Dúpẹ́ gé sí méjì. Tirẹ̀ kò gé. Ó yí oògùn padà, kò gé. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta pẹ̀lú omi tó fúnra rẹ̀ sè, kò gé. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Dúpẹ́. Dúpẹ́ ní kò burú, ṣùgbọ́n odidi ọ̀sẹ̀ kan ló fi ń kí i bí ẹni ń kí ọlọ́pàá.

Àléébù yìí ò wọ́pọ̀. Kí ó wà lára àwọn ará ilé kan ní Ọ̀tùn, kó sì wà lára obìnrin tó kàn wá gún wọn, irú kòńgẹ́ wo nìyẹn? Ó fi díẹ̀ nínú DNA tirẹ̀ àti ti Ìyá Wọlé ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nílùú òyìnbó pé kó bá òun ka apá ibi tí ìdílé kan ti máa ń yàtọ̀ sí òmíràn. Ní oṣù kẹsàn-án, ó lọ sí káfẹ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ka èsì. Nínú nǹkan bí irínwó lẹ́tà DNA náà, kò sí ẹyọ kan tó yàtọ̀. Ìlà ìyá kan náà ni.

Ó ṣí ìwé tó fi fa ìlà. Ilé bàbá, ilé bàbá, ilé bàbá. Òun tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ kọ́ni pé ọ̀dọ̀ ìyá ni nǹkan yìí ń gbà wá, bó ṣe dé àárín àwọn èèyàn rẹ̀, ìbéèrè tí gbogbo ọmọ Èkìtì máa ń béèrè ló béèrè. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ìyá tó bí ìyá rẹ̀. Inú bí i sí ara rẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rù bà á, nítorí Ìyìnolúwa, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí, ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, àwọn ọkùnrin ni àìsàn yìí sì máa ń mú jù.

Ní Ìkọ̀lé, lọ́sàn-án, ó bá Màmá Beatrice lẹ́yìnkùlé tí wọ́n ń fọ́ ẹ̀gúsí. Ó jókòó tì wọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn fọ́ ọ.

"Màmá, àwọn obìnrin kan wà tí mo gba ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀kan bá tèmi mu. Mo fẹ́ bi yín nípa Ìyá Àgbà."

"Ìyá mi wà nínú sàréè wọn n'Ìrèlé. Ìwọ náà mọ ibẹ̀."

"Àwọn ló bí yín?"

"Ìbéèrè wo nìyẹn? Ẹ̀rọ yín ló bàjẹ́. Ta tilẹ̀ ni wọ́n rán ọ lọ bá ní Ọ̀tùn?"

Ọwọ́ Ọmọ́yẹni dúró lórí ẹ̀gúsí.

"Màmá, n kò tíì dárúkọ Ọ̀tùn."

Màmá Beatrice ń fọ́ ẹ̀gúsí lọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ẹni tó wà nínú sàréè ní Ìrèlé, orogún ìyá wọn ni. Ìyá tó bí wọn bá ọkọ rẹ̀ jà, ó kó ẹrù rẹ̀, ó sì lọ. Ọmọ ò ní í bá a lọ, nítorí ilé bàbá ló lọmọ. Beatrice jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ́jọ́ náà, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí kí ìyá òun bojú wẹ̀yìn. Kò bojú wẹ̀yìn. Nígbà tó yá, wọ́n gbọ́ pé ó ti fẹ́ ọkọ mìíràn ní Ìyè, pé ó ti bí obìnrin síbẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Àdùkẹ́.

"Ẹni tó tọ́ mi ni mo pè ní ìyá. Ó burú ni?"

"Kò burú, Màmá. Ẹ mọ̀ pé ojú àwọn ọmọ Àdùkẹ́ ń fọ́?"

"Mo gbọ́." Wọ́n gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lórí aṣọ. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mi ò bá wọn da nǹkan pọ̀."

"Ẹ ti bá wọn da nǹkan pọ̀. Èmi nìyí. Ìyìnolúwa nìyẹn."

Ó ní kí wọ́n bá òun lọ sí ìpàdé náà. Màmá Beatrice kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ta ló máa fún Ìyìnolúwa ní ọmọ fẹ́ bí ìlú bá gbọ́? Wọ́n ní ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni àwọn ti fi bo ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ tí àwọn rán nílé-ìwé kọ́ ni yóò wá tú u. "Má dárúkọ mi níbẹ̀." Ọmọ́yẹni lọ láìkí wọn pé ó dàbọ̀, ohun tí kò ṣe rí láyé rẹ̀.

Sátidé tó ṣáájú ìkórè pé. Nígbà tí Ọmọ́yẹni dé ilé Adéṣọlá, ẹrù Ìyá Wọlé ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀: àpótí onírin kan, àgbada gààrí, àti ẹní tí wọ́n ká. Àwọn ọmọ wọn méjèèjì jókòó lórí àpótí náà. Ìyá Wọlé dúró tì wọ́n, ọwọ́ wọn wà léjìká Bùkúnmi.

"Dókítà, a ń gbọ́ ọ," Bàbá Adéṣọlá wí. "Àìsàn ni, àbí ọwọ́ ìyá wọn ni?"

Ó rọrùn kó pè é ní àìsàn, kó sì pa ẹnu dé. Ta ló máa mọ̀? Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ ló ti fi ń fura sí àwọn tó ń dá ọ̀rọ̀ sí méjì, tí wọ́n ń mú apá tó dùn.

"Àìsàn ni, Bàbá. Ọ̀dọ̀ ìyá wọn ni wọ́n sì ti gbà á."

Ariwo sọ. Ẹnìkan pàtẹ́wọ́, òmíràn ní òun kúkú ti sọ ọ́. Ìyá Wọlé ò mira. Ọmọ́yẹni gbé ohùn sókè ju ti ìgbàkigbà lọ.

"Ẹ jẹ́ n parí ẹ̀! Kò rán an sí wọn, kò mọ̀ pé ó wà lára òun. Ìyá rẹ̀ ló fi fún un, ìyá ìyá rẹ̀ ló fi fún ìyẹn. Èmi náà ní in. Mo ti fún ọmọ mi. Bí ẹ bá máa lé ẹni tó ní in, ẹ kọ́kọ́ lé mi."

Obìnrin tó jókòó tì í rọra fa àga rẹ̀ sẹ́yìn. Bàbá Adéṣọlá fojú wò ó bí ẹni ń wo owó tó jọ ayédèrú.

"Ìwọ báwo? Ìyá rẹ, ọmọ ulé wo ni? Ìrèlé. Ìyá Wọlé ń kọ́? Ìyè. Ulé méjèèjì ò pàdé níbì kankan. O fẹ́ fi irọ́ gba obìnrin yìí sílẹ̀, àbí o rò pé a ò mọ ulé ni?"

"Ẹ ò mọ ulé," ohùn kan wí lẹ́yìn wọn. "Ulé bàbá nìkan lẹ mọ̀."

Màmá Beatrice ló dúró ní ìta nínú aṣọ Ẹgbẹ́ Ìyá, eruku ọ̀nà Ìdó ti bò wọ́n dé orúnkún, ọkọ̀ tó gbé wọn wá ò tíì paná. Àwọn tó wà nínú Ẹgbẹ́ Ìyá ní Ọ̀tùn mọ̀ wọ́n, wọ́n dìde fún wọn.

"Obìnrin tó bí Àdùkẹ́ ló bí mi. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tó kó ẹrù rẹ̀ jáde báyìí, kò sí ẹnìkan nínú ulé tó ní kó dúró. Bí ẹ bá ní kí tibí náà lọ, ulé mi n'Ìkọ̀lé ló ń lọ, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ó kọ́kọ́ sọ ọ́ sí mi létí, èmi Beatrice, pé àjẹ́ ni ìyá mi."

Kò sí ẹni tó lè sọ ọ́. Ta ló fẹ́ pe ìyá alága Ẹgbẹ́ Ìyá ní àjẹ́, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí ìkórè ku ọ̀la? Bàbá Adéṣọlá tún fìlà wọn ṣe. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yìí ò tíì yé àwọn, pé àwọn ṣì ń fura, ṣùgbọ́n kí ẹnìkan gbé àpótí yẹn wọlé ná, òjò ń ṣú. Ìyàwó ilé méjì gbé àgbada àti ẹní.

Ìyá Wọlé ò tíì wo ọ̀gangan ibi tí Màmá Beatrice dúró sí. Nígbà tí wọ́n wá wo ibẹ̀, ojú wọn ò rọ̀.

"Ọdún mélòó ni mo fi ń kí yín lọ́jà Ìyè? Mo mọ̀ yín, ẹ mọ̀ mí. Ẹ ó yíjú sí ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ ó máa bá a nájà ohun tí ẹ ò ní rà."

Màmá Beatrice bọ́ gèlè kúrò lórí, wọ́n kúnlẹ̀ lójú gbogbo ilé, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin níwájú àbúrò wọn.

"Ẹ dìde!" Ìyá Wọlé sáré mú wọn lápá. "Ẹ dìde, kí lẹ fẹ́ fà sí mi lọ́rùn?" Wọ́n fà wọ́n, wọn ò dìde, ìyá méjèèjì wá di ara wọn mú nílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Wọlé yí orí rẹ̀ sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ń wá ibi tí igbe ti ń wá.

"Ìyá, ta ló ń sunkún yẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni," Ìyá Wọlé dáhùn.